Àmì Mẹ́ta Lábẹ́ Ojú Ẹja

Fíláàṣì náà kọ yẹ̀rì, ẹja sì sá wọ abẹ́ òkúta nínú táńkì gíláàsì rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, mo ní kẹ́ ẹ má tan iná yẹn sí i lójú," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn. Kò pariwo. Obìnrin náà kì í pariwo nítòsí ẹja. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń gbọ́ ariwo, yàrá mìíràn ló sì ti máa ń gbọ́ ọ.

Ọkọ yìí kò tíì gbọ́ ohun tó sọ. Ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn kámẹ́rà, níbi tí àwòrán ti ń jáde. Ọjọ́ kẹta tí kámẹ́rà náà dé ọwọ́ rẹ̀ nìyí, kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún ní àárọ̀, ó ń nù ún ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ti ya gbogbo ohun tó wà nínú ilé tán, títí kan ìkòkò àti bàtà, kó tó wá kan ẹja. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ku díẹ̀ kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ wo àwòrán àkọ́kọ́ yìí, ẹnu yà á. Ikùn ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀ gbangba, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já, àti ìmọ́lẹ̀ funfun kan ní àárín gíláàsì. Kò sí ẹja kankan níbẹ̀.

"Ta lẹ ya?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè nígbà tó yọjú wò ó.

"Ẹja ò dúró ni."

"Ẹ̀yin lẹ dúró."

Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ya fọ́tò ní sítúdíò tó wà níwájú ilé wọn, kò sì sí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ rí, ìbáà ṣe ọ̀gá ilé ìwé tàbí ọmọ ọwọ́, tí kò ní sọ fún pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti gba ipò orúkọ àbísọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun gan-an gbà pé kò sí ojú tí òun kò lè ya kó dára. Ó ti ya ìyàwó tó sunkún mọ́jú, ó ti ya adájọ́ tó ń kanra, ó ti ya ọkùnrin kan tí oyin ta ní ètè láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Kí ló wá le nínú ti ẹja?

Lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹja yìí kì í ṣe eré. Télọ̀ ni Ìyá Ìbejì, maṣíìnì rẹ̀ wà nínú yàrá tó kọjú sí pálọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹja ni ọkàn rẹ̀ wà. Ọdún mẹ́fà ló ti ń sin irú ẹja pupa kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó ń yan ìyá, ó ń yan bàbá, ó ń ṣa àwọn ọmọ sọ́tọ̀ láti inú ike kan sí òmíràn, nítorí àmì dúdú kan tó ṣàdédé rí lábẹ́ ojú ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tó yá, àmì kan di méjì. Ní èṣí, ó rí èyí tó ní mẹ́ta, tí wọ́n tẹ̀ léra bíi pé ẹnì kan fi pẹ́ńsù fà wọ́n. Alámì ló ń pè é. Àwọn ọmọ Alámì wà nínú ike lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, àmì wọn kò sì tíì yọ.

Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn ẹja máa ń tẹ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ irú ẹja tuntun sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó mú un jáde, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ wọ ìwé náà ló ni ẹja títí ayé. Fọ́tò ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ rí ẹja láti ẹ̀gbẹ́, kó rí ojú, kó rí ìpẹ́, kó rí gbogbo àmì ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Ìbejì ti fi fóònù ya Alámì ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì dá a padà. Ti àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn rí ohun pupa kan. Ti èkejì, wọ́n ní aṣọ ẹni tó ya fọ́tò dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹja ni àwọn ń wá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní, Sátidé, ni wọ́n máa pa ìwé náà dé. Ó sì ti dé etígbọ̀ọ́ Ìyá Ìbejì pé ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn ti ní irú ẹja yìí tó ní àmì méjì. Bí òní bá fi kọjá, kí ọdún márùn-ún tó pé, ẹni náà á ti dé mẹ́ta, orúkọ ẹlòmíràn á sì wà lórí iṣẹ́ tó ti fi ọdún mẹ́fà ṣe.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ kò fi dùn nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, pé bí kámẹ́rà tuntun yìí bá ya eṣinṣin, èèyàn á ka irun ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹja ni kẹ́ ẹ ya," ló wí.

Ọkọ rẹ̀ yọ fíláàṣì kúrò. Fọ́tò kejì dúdú kirimú. Ẹ̀kẹta mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé pálọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kọ́tìnnì àti igi tó wà níta. Ẹ̀kẹrin mú ẹja, tàbí ohun tó fara jọ ọ́: ìlà pupa kan tó gùn láti apá ọ̀tún dé apá òsì, bíi pé ẹnì kan fi ìka ọlọ́dà nu ògiri. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ṣí ìwé kékeré tó bá kámẹ́rà wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ìyàwó rẹ̀ kò rí i rí kó ka ìwé tó bá ọjà wá. Ìbínú kọ́ ló mú un kà á. Ara rẹ̀ ló ń yá gágá. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ fọ́tò ti bá a ṣe agídí kẹ́yìn. Kò sí ojú ní àdúgbò tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná sí, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa ṣe é nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá wà níbòmíràn. Nǹkan kékeré tó ń sá kiri nínú omi yìí ti sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́ padà, ó sì ń gbádùn rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni Ìyá Ìbejì wí lẹ́yìn fọ́tò keje tàbí ẹ̀kẹjọ, "gbogbo ohun tó bá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn yín ló ń hàn nínú gíláàsì. Ṣẹ́ẹ̀tì yín funfun. Ojú fèrèsé mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn yín ṣókùnkùn."

Ó wọ yàrá ìránṣọ lọ, ó sì jáde pẹ̀lú aṣọ dúdú tó fẹ́ fi ṣe inú kóòtù dókítà kan. Kò wọn nǹkan kan. Ó wo ẹnu kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin, ó fi sísọ́ọ̀sì gé igun rẹ̀, nígbà tó sì tú u, ihò roboto kan wà láàárín tó gba ẹnu kámẹ́rà pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n ta aṣọ náà sórí àga méjì níwájú táńkì, wọ́n fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, wọ́n pa iná pálọ̀, ó ku iná tó wà lókè omi nìkan. Ìyá Ìbejì pa pọ́ǹpù tó ń ru omi sókè. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ wọ ẹ̀yìn aṣọ, ó ki ẹnu kámẹ́rà bọ inú ihò náà.

Nígbà tó jáde, ó na kámẹ́rà sí ìyàwó rẹ̀, okùn rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀, débi pé obìnrin náà ní láti fà á mọ́ra kó tó lè wò ó. Gíláàsì ti pòórá. Omi pàápàá ti pòórá. Ẹja kan ló wà níbẹ̀ tó léfòó nínú afẹ́fẹ́. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ìrù nìkan ló hàn dáadáa. Orí ti bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan kò sì gbọ́ ti ẹnì kejì.

Onígíláàsì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì ọ̀nà gbọ́ ohùn wọn, ó yọjú. Ọkùnrin tó máa ń dá sí ohun gbogbo ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ọ̀rọ̀ kàn án. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ẹja kì í dúró lójú kan, pé bó bá ti lọ sẹ́yìn báyìí, kámẹ́rà á pàdánù rẹ̀. Ó wo táńkì náà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó fi èékánná kan án.

"Pápá lẹ fún un," ló wí. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ fún un. Ẹ jẹ́ kí n gé gíláàsì kan tó ṣe déédéé fífẹ̀ táńkì yìí, ká tì í bọ ẹ̀yìn ẹja, kò ní ríbi lọ ju kó máa lọ kó máa bọ̀ níwájú yín. Ẹ̀yin náà, Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀, ẹ kọjú sí i tààrà. Ẹni tó bá fi ẹ̀gbẹ́ wo gíláàsì, irọ́ ni gíláàsì máa pa fún un."

Kó tó tó ogún ìṣẹ́jú, ó ti gé e dé, ó sì ti lọ etí rẹ̀ kó má baà ya ẹja lára. Ìyá Ìbejì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ láìfi ọṣẹ kàn án, ó sì rọra tì í bọ inú omi. Alámì wo ògiri tuntun náà, ó fi imú tọ́ ọ wò, ó sì gba kádàrá.

Láti ìgbà náà, fọ́tò kọ̀ọ̀kan ń dára ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ mú kí kámẹ́rà yára sí i, ìrù ẹja kò sì fà gùn mọ́. Ó rí i pé imú ni kámẹ́rà ń mú, ó yí i kó máa mú ojú. Tẹ́lẹ̀, ó ń lé ẹja kiri. Ó wá mọ̀ pé kí òun dúró dè é ní igun tó ti máa ń yí padà, torí ibẹ̀ ló ti máa ń sinmi díẹ̀. Ìyá Ìbejì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ fún un pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ti yí. Onígíláàsì, tí ẹnikẹ́ni kò ní kó dúró, jókòó sórí àpótí, ó ń ka iye fọ́tò. Òógùn bo Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ lábẹ́ aṣọ dúdú yẹn, orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́ bí ọmọdé. Ìgbà tí onígíláàsì ka ọgọ́fà ó lé méjì, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ pé, "Mo ti mú un."

Wọ́n sáré kó o sórí kọ̀ǹpútà ní sítúdíò. Àwòrán náà kún ojú kọ̀ǹpútà láti etí dé etí. Èèyàn lè ka ìpẹ́ ẹja náà níkọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ojú, àmì dúdú mẹ́ta dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun tó sìn ín gan-an kò tíì rí wọn báyìí rí, torí ojú èèyàn kò lè bá ẹja sáré tó bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú onígíláàsì, ohun tí kì í ṣe. Aago kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn yàrá ìránṣọ. Ìyá Ìbejì ní kí ọkọ òun bá òun fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ó sì lọ dá obìnrin náà lóhùn.

Ọkùnrin náà ì bá ti fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọgbọ̀n ọjọ́. Kò sí fọ́tò tó ń jáde ní sítúdíò yẹn tí kò ní fọ̀ ná. Ohun tí àwọn oníbàárà ń tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn: kó pa irorẹ́ rẹ́, kó pa àpá rẹ́, kó bá ẹni tí kò róorun sùn nu dúdú abẹ́ ojú. Ó jókòó pé kí òun kàn yọ ìdọ̀tí kan tó léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Ó yọ ìyẹn. Ìrù ẹja ya díẹ̀, ó tún un ṣe. Ìpẹ́ kan ti bọ́, ó fi òmíràn dí ojú rẹ̀. Ó fẹ àwòrán náà lójú títí ojú ẹja nìkan fi kún kọ̀ǹpútà, ó rí dúdú lábẹ́ ojú, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Orin ló ń kọ lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tó parí, ó fi tuntun bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó fi í ránṣẹ́, ó sì pa gbogbo ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ́, torí kò fẹ́ kí ẹrù pọ̀ nínú kámẹ́rà tuntun.

Nígbà tí aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, akọ̀wé ẹgbẹ́ pe Ìyá Ìbejì lórí fóònù. Obìnrin àgbàlagbà ni akọ̀wé yìí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ẹja yìí rẹwà, ọmọ mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ló kún inú gbogbo táńkì. Níbo ni àmì mẹ́ta tó o kọ sínú fọ́ọ̀mù wà?"

Ìyá Ìbejì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wò ó dáadáa, abẹ́ ojú ni. Akọ̀wé ní òun ti wọ awò wò ó, òun ti bọ́ awò wò ó, òun kò rí nǹkan kan, pé ó ku wákàtí méjì.

Nígbà tí Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ rí ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀ ní sítúdíò pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ló mú wá. Ó ti ń yí kọ̀ǹpútà sí i kó wá wo bí ara ẹja ṣe ń dán.

"Abẹ́ ojú rẹ̀ ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Ó wò ó. Ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣàlàyé fún un. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àmì yìí láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nídìí oúnjẹ. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ń wá fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Ó ṣí kámẹ́rà, ó sì rántí ohun tó ti ṣe sí káàdì.

"Ọwọ́ mi ló ṣe é," ló wí. "Ìyá Ìbejì, n ò mọ ìgbà tó débẹ̀."

"Ọdún mẹ́fà, Bàbá Ìbejì."

Ó padà sídìí maṣíìnì, ó sì ń rán aṣọ dókítà. Ó dun ọkọ rẹ̀ ju kó pariwo lọ. Onígíláàsì, tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kí àlejò lọ, mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, ó sì yọ́ jáde. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ dá wọ pálọ̀ lọ, ó tún wọ ẹ̀yìn aṣọ dúdú, ó ki kámẹ́rà bọ inú ihò. Ohun tó rí níbẹ̀ dẹ́rù bà á. Alámì ti kó sí igun, pupa ara rẹ̀ ti ṣí bí aṣọ tí oòrùn ti pa, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lójú ẹja fúnra rẹ̀. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," ló wí. "Tó o bá fẹ́ gé tèmi, kó dọ̀la. Wá wo ẹja ná. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí."

Maṣíìnì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyá Ìbejì sáré wá, ó kúnlẹ̀ níwájú táńkì, ó sì wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀rù ló ń bà á," ló wí. "A ti lé e kiri láti àárọ̀. Kò sóhun tí kámẹ́rà lè rí lára rẹ̀ báyìí. Àfi kó fọkàn balẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa fọkàn balẹ̀?"

"Ìgbà tó bá wù ú."

Wọ́n yọ gíláàsì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, wọ́n tan pọ́ǹpù, wọ́n ká aṣọ dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì jókòó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ ṣòro nígbà tí aago bá wà lára ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ dìde láti lọ wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyàwó rẹ̀ fi ojú dá a padà. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀, ojú rẹ̀ kò jìnnà sí gíláàsì, ó ń bá ẹja sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń bá a sọ ọ́ láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, Alámì yọ orí. Ó wá síbi tí obìnrin náà wà. Obìnrin náà mú ìka sí ọ̀tún, ẹja bá a lọ sí ọ̀tún. Ó mú un sí òsì, ẹja tẹ̀ lé e. Pupa kọ́kọ́ padà sí i lára, lẹ́yìn náà ni àmì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ sún mọ́ wọn pẹ̀lú kámẹ́rà, ẹja sì sá sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà bọ́ okùn kámẹ́rà lọ́rùn ara rẹ̀, ó sì fi í kọ́ ọrùn ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ ni kó o ya á."

"Èmi kẹ̀? Kámẹ́rà yín?"

"Ìwọ ló mọ̀. Èmi á máa sọ ohun tó o máa tẹ̀."

Ó fi gbogbo rẹ̀ sí bó ṣe yẹ kó wà, ó wá bọ́ sẹ́yìn, jìnnà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: kó di ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kó kọjú sí gíláàsì tààrà, kó tẹ bọ́tìnnì náà díẹ̀ kí kámẹ́rà kọ́kọ́ mú ojú, kó tó wá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Ìyá Ìbejì fi aṣọ dúdú borí. Fọ́tò mẹ́ta àkọ́kọ́, ìka rẹ̀ ló wà nínú wọn. Ẹ̀kẹrin ga jù. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, bó ṣe máa ń balẹ̀ nígbà tó bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kámẹ́rà sì ń dún, ó dá, ó dún, ó dá. Ọkọ rẹ̀ kò ríran rí nǹkan kan níbi tó wà. Ó ti di ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń darúgbó lórí ìdúró.

"Bàbá Ìbejì," ni ohùn kan wí lábẹ́ aṣọ, "ẹ wá wò ó."

Ó wò ó. Alámì ló wà níbẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn tán pátápátá, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó ń wo ẹni tó mọ̀. Àmì mẹ́ta. Ìrù rẹ̀ ya bó ṣe ya, àyè ìpẹ́ tó bọ́ wà níbẹ̀, ìdọ̀tí kékeré kan sì léfòó lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ń yún un sí ìdọ̀tí yẹn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, kó sì fi í ránṣẹ́. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà tó lọ.

Wọn kò lè jókòó. Obìnrin ń rìn lọ, ọkùnrin ń rìn bọ̀, wọ́n ń pàdé láàárín sítúdíò. Fóònù dún.

"Mo kà wọ́n," ni akọ̀wé wí. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ẹja rẹ ti wọ ìwé, ọmọ mi. O kú iṣẹ́ gan-an."

Ìyá Ìbejì jókòó sórí ilẹ̀ níbi tó wà. Ẹ̀rín ló ń rín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sáré jáde láti lọ sọ fún onígíláàsì, ó gbàgbé láti sọ fún un, ó sáré wọlé padà wá bá a jókòó. Ayọ̀ náà pọ̀ jù wọ́n lọ. Akọ̀wé ṣì wà lórí fóònù, ó ń pè wọ́n pé ohun kan ló kù: fọ́tò ẹni tó mú ẹja jáde, tí wọ́n máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó tó di aago márùn-ún.

Ìyá Ìbejì ní ìyẹn kò le, èyí tó wà lójú fèrèsé sítúdíò á ṣe é. Ọkọ rẹ̀ ló ya á nígbà tó pé ogójì ọdún, ó sì fi í síbẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lọ máa rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń yìn ín. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ lọ gbé e. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ojú obìnrin tó wà nínú rẹ̀ ń dán, ó tẹ́jú bí ẹyin, bíi pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láyé. Kò rí ẹni tó jókòó lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹja lọ́sàn-án yìí níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà, ó padà wá pẹ̀lú kámẹ́rà, ó ní kí ìyàwó òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ya á.

"Ẹ má gbàgbé àgbọ̀n mi o," ni Ìyá Ìbejì wí bí fọ́tò ṣe ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Ohun tó máa ń sọ nígbàkúgbà tó bá ya fọ́tò nìyẹn. Àpá iná kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀ lápá òsì, ó gùn tó ìka, kò sì sí fọ́tò kan láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn tí ọkọ rẹ̀ kò ti pa á rẹ́.

Ọkùnrin náà fẹ àwòrán lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí máòsì. Ó gbé e kúrò, ó sì dìde lórí àga.

"Ìwọ jókòó," ló wí. "Mo ti pa nǹkan rẹ́ tó lónìí. Tó o bá fẹ́ kó kúrò, ibi tó o máa tẹ̀ nìyí. Tó o bá fẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀hún nìyẹn."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìyá Ìbejì jókòó. Ó wo irun tó ti tú, ojú òwú kan tó lẹ̀ mọ́ èjìká, ibi tí awò ti tẹ imú rẹ̀, àti àpá náà. Ó fi ìka kan àgbọ̀n ara rẹ̀.

"Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ tí áyọ́ọ̀nù yìí jó mi," ló wí. "Ọjọ́ yẹn ni kọ́là tí mo rán kọ́kọ́ jókòó dáadáa. Inú mi dùn jù, mo tẹ̀ síwájú kí n wò ó dáadáa, n ò rántí pé áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Gbogbo ọdún tó fi ń pa àpá náà rẹ́, kò béèrè ibi tó ti wá. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ti mú máòsì, ó ti tẹ ibì kan, ọkùnrin náà sì tẹ̀ síwájú kó lè rí ibi tó tẹ̀.

"Ó ti lọ bó ṣe wà," ni Ìyá Ìbejì wí. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ẹ tẹ ọ̀kan sí i fún mi, kó tóbi. Kẹ́ ẹ sì yọ ti ojú fèrèsé yẹn."

Kó tó sọ ọ́ tán, ọkọ rẹ̀ ti ń lọ yọ ọ́.